Ìyá Inú Fọ́ọ̀mù

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìíní

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ayùn ò tíì gé e níka lọ́dún tuntun yìí? Bá mi kí i. Ara tèmi le, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Ẹni tó bá ń lọ aṣọ ibùsùn àádọ́rùn-ún lójúmọ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò bá dùn ún, a jẹ́ pé igi ni.

O mọ ohun tí bàbá wa, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pín lẹ́tà kiri, máa ń sọ: ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, inú ìwé ni ká gbé e sí, torí fóònù a máa já. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ọ̀rọ̀ Aláròyé ni.

Ọmọ mi ń lọ sí ọdún mọ́kànlá. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ, o ò sì fìgbà kan ráhùn. Ṣùgbọ́n ilé ìwé tó wà yẹn ò tó o mọ́. Nígbà tí mo pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní àwọn mọ́kànléláàádọ́rin ló wà ní kíláàsì kan, olùkọ́ wọn sì ń ta bàtà lábẹ́ tábìlì. Ìbéèrè mẹ́tàdínlógún ló bi mí kí owó fóònù tó tán, mo kà á. Ọmọ tó lẹ́nu báyìí, ṣé ká jẹ́ kó dàgbà kó máa lọ aṣọ àwọn ẹlòmíràn bíi tèmi? Ká má rí i.

Òkèèrè lolójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Lọ sí ilé ìwé aládàáni tó wà lórí òkè yẹn, èyí tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, kí o gba fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé kó tó tán. Ti owó, fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Èmi ni,
Ìyá Aláròyé


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárò ilé. Ọkọ mi ní kí n sọ fún yín pé ìka òun ṣì pé mẹ́wàá. Aláròyé ní ìbéèrè òun ṣì ku méjì.

Mo lọ síbẹ̀. Ògiri wọn funfun báláú. Wọ́n dá ihò kékeré kan sára géètì irin, inú ihò náà ni ẹ̀ṣọ́ ti ń wo ojú èèyàn. Ó kọ orúkọ mi sínú ìwé ńlá kan, ó wo ojú mi, ó tún wo orúkọ náà, àfi bí ẹni pé àwọn méjèèjì lè má bára mu. Nígbà tí mo wọnú ọgbà, mo rí àwọn ọmọ bí igba tí wọ́n tò lọ sí kíláàsì, mi ò sì gbọ́ ohùn ẹnì kankan. Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló di.

Obìnrin ni ọ̀gá àgbà wọn, kì í pariwo. Ó ní ìyá àti bàbá gbọ́dọ̀ bá ọmọ wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ojú korojú. Wọn kì í gba alágbàtọ́. Ó ní lọ́dún kan, ìdílé méjì wá ja ìjà ọmọ kan lẹ́nu géètì àwọn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú fọ́ọ̀mù nìkan ni àwọn mọ̀, ì báà jẹ́ ojú àwọn ni ẹlòmíràn ti bí ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó sọ ọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni fọ́ọ̀mù náà. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ "Orúkọ ìyá" sí, mo gbé gègé sílẹ̀. Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló wà láti ọjọ́ Ẹtì. Ṣé kí n kọ orúkọ yín, kí n ṣàlàyé fún wọn pé ẹ wà lókèèrè? Àbí ká wá ilé ìwé mìíràn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Àbúrò mi,

Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ. O ò yí padà rárá. Nígbà tó o wà ní kékeré, bí wọ́n bá rán ọ níyọ̀, wàá padà wá béèrè pé ṣé iyọ̀ funfun ni.

Kọ orúkọ rẹ jàre! Ṣé ìwọ kọ́ ni ìyá rẹ̀ ni? Nínú ilé wa, ta ló ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọmọ ẹlòmíràn? Èmi àti ìwọ, ìyá mélòó ló tọ́ wa dàgbà, ṣé a ka iye wọn ni? Ibi tí wọ́n bá kọ "bàbá" sí, kọ orúkọ ọkọ rẹ síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú kó tó mọ̀ ọ́n rìn, kò ní jí dìde wá bá wa du fọ́ọ̀mù. Ìwé lásán ni. Ta ló fi ìwé bímọ rí?

Ìyá arúgbó kan wà níbi iṣẹ́ wa tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í wá wò ó mọ́. Bí mo bá gbé aṣọ wọlé, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fi ń pè mí. Mo máa ń jẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ á dùn, kò sì yọ nǹkan kan lára mi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ìwọ náà ṣe é.

Èmi ni,
Ìyá Aláròyé


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, ọkọ mi náà kí yín. A ti lọ, a ti dé.

Yàrá kan tí kò ní fèrèsé ni wọ́n kó wa sí. Wọ́n fún Aláròyé ní ìṣirò, ó ṣe é. Wọ́n ní kó kàwé, ó kà á geere. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà wá fi pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ ń ṣe?" Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi yìí dákẹ́ lọ gbáà. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Wọ́n ń ránṣọ, mà." Ọ̀gá àgbà kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, ọmọ náà bi mí pé, "Àǹtí, ṣé mo ti parọ́ mọ́ Màámi?" Mo ní rárá o. Kò béèrè nǹkan kan mọ́ títí a fi délé, ẹ sì mọ ọmọ yín.

Wọ́n á wá wo ilé. Torí náà, mo ti gbé àwòrán yín kúrò lókè ẹ̀rọ mi, mo fi aṣọ wé e sínú àpótí. Ìṣó rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Wọ́n tún ń fẹ́ ìwé ìbí tó bá fọ́ọ̀mù mu. Ọkọ mi ní ká lọ búra ní kóòtù pé ti àkọ́kọ́ ti sọ nù, kí wọ́n ṣe òmíràn tí orúkọ mi á wà níbẹ̀. Mi ò tíì lọ o. Ìbúra ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n sì ní ẹni tó máa sanwó láti òkèèrè gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn, kó sọ bó ṣe bá ọmọ náà tan.

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mò ń bi yín: ṣé ká dúró níbí?

Àbúrò yín


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin

Àbúrò mi,

Ìkánjú ni mo fi ń kọ èyí, láàárín aṣọ tútù àti aṣọ gbígbẹ. Ẹni méjì ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbí, èmi ni mo ń ṣe tiwọn pọ̀ mọ́ tèmi. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe, ẹ ṣe é. Má bi mí léèrè mọ́, ìbẹ̀rù rẹ ti pọ̀ jù. Ìwé ìbí àkọ́kọ́, tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí, a máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lẹ́tà tí wọ́n ń béèrè nìyí, inú àpò ìwé yìí náà ló wà. Mo tẹ̀ka sí i kí wọ́n má baà sọ pé ayédèrú ni.

Ìyá Aláròyé

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọbìnrin tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ ló bí i. Èmi ni màá máa san owó ilé ìwé rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, mi ò sì ní fi torí rẹ̀ béèrè ohunkóhun lórí ọmọ náà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ara mi dá, orí mi sì pé.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú oríire! Wọ́n ti gbà á! Ọmọ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n mú nínú irínwó, Aláròyé wa sì ni ìkẹta. Ìparí oṣù keje ló máa wọlé. Èmi fúnra mi ni mò ń rán aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀, igba ó lé mẹ́sàn-án, ni mò ń fi òwú pupa kọ sí ọrùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ti ń pè mí ní Màámi báyìí, nínú ilé pàápàá. Ọkọ mi ló ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, torí ohun tí ọmọdé bá ń sọ nílé ló máa sọ níta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sunkún. Lọ́jọ́ kẹta, ó pè é. Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà nílé ọkọ tí ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀. Mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkọ mi náà ti ń tètè dé láti ṣọ́ọ̀bù.

Kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀gá àgbà ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àwòrán tí wọ́n ya àwa mẹ́ta lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti jáde, ó dára gan-an. Mo ti gbé e kọ́ sórí ìṣó ọjọ́sí.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Àbúrò mi,

Mo pè lọ́jọ́ Àìkú, Aláròyé ló gbé e. Ó ní, "Ẹ káàsán, Àǹtí." Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Èmi ni o, Màámi ni." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni ẹ̀rín náà tó kúrò lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ti wá ṣe é kọjá ààlà. Kó máa pè ọ́ ní Màámi lójú àwọn ará ilé ìwé. Nílé, kó pe olúkálukú ní orúkọ rẹ̀.

Àmọ́ gbọ́ ìròyìn ayọ̀, kí o jókòó kó o tó kà á. Ìwé ìgbélùú mi ti jáde! Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà! Mo lè mú ọmọ mi wá sọ́dọ̀ mi. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n dá fún mi. Bó bá kọjá ọjọ́ yẹn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn náà, bí wọ́n bá sì ti tì í, wọn kì í ṣí i fún ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé ìbí rẹ̀ tí orúkọ mi wà níbẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Èyí tí mo ní kí o tọ́jú yẹn ni. Fi ránṣẹ́ kíá. Ti ilé ìwé orí òkè, kí wọ́n fún ọmọ mìíràn láyè. Mo mọ̀ pé àárò rẹ̀ á sọ ọ́, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n inú rẹ á dùn fún wa, àbí?

Ìyá Aláròyé


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ

Àbúrò mi,

Oṣù méjì. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti fi ránṣẹ́ lẹ́yìn èyí tí mo fi sọ̀rọ̀ ìwé ìbí, o ò fèsì kankan. Mo pè, ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Lọ́jọ́bọ̀, ọkọ rẹ gbé e. Ó gbọ́ ohùn mi, kò sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ ayùn tó ń ya pákó lẹ́yìn rẹ̀, mo ń pariwo "Ẹ ńlẹ̀, ẹ ńlẹ̀" bí asínwín láàárín àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó gbé e sílẹ̀.

Kí ni mo ṣe fún yín? Ṣé ara ọmọ náà le? Bí ó bá ń ṣàìsàn, sọ fún mi. Bí inú bá ń bí ọ, bú mi, mo gbà. Má ṣe dákẹ́. Láti kékeré, bí o bá ti dákẹ́ báyìí, ara mi kì í balẹ̀, mo máa ń mọ̀ pé o ti fọ́ nǹkan.

Ọjọ́ ń lọ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.

Ìyá Aláròyé


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mi ò ní dìde títí tí ẹ ó fi ka lẹ́tà yìí tán.

Ara ọmọ le. Ó ti wọ ilé ìwé láti oṣù tó kọjá. Ìwé ìbí àkọ́kọ́ kò sí mọ́. Lọ́jọ́ tí a máa lọ búra, ọkọ mi ní a ò lè búra pé nǹkan sọ nù kó sì wà nínú àpótí wa, ó ní ìbúra èké máa ń jà. Torí náà, ó sun ún nínú ààrò kí a tó jáde nílé, kí ohun tí a fẹ́ sọ lè jẹ́ òótọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò dì í mú dáadáa.

Nínú àwọn lẹ́tà yín tí mi ò fèsì, ẹ ní kí n lọ sọ òótọ́ fún àwọn ará ilé ìwé. Bí mo bá sọ òótọ́, a jẹ́ pé a purọ́ ní kóòtù, ẹ̀wọ̀n ni fún èmi àti ọkọ mi, wọ́n á sì lé ọmọ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní kí n má bi yín mọ́. Ẹ ní ìwé lásán ni, ta ló fi ìwé bímọ rí. Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé ni mo fi bí i.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo ń ṣe ò dáa. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe ń jí láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní ibà lóṣù tó kọjá kó tó wọlé, orúkọ tó ń pè nínú ibà náà, èmi ló ń pè. Ẹ̀yin ti ní ìlú òkèèrè, ẹ ti ní ìwé ìgbélùú. Kí ni èmi ní? Ẹ ní tẹ́lẹ̀ pé ìyá rẹ̀ ni mí. Ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ má pè mọ́. A ti pa nọ́ńbà yẹn tì.

Èmi ni,
Ìyá Aláròyé


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án

Sí ẹ̀gbọ́n ìyá akẹ́kọ̀ọ́ wa, nọ́ńbà igba ó lé mẹ́sàn-án,

A kí yín. Lẹ́tà yín tẹ̀ wá lọ́wọ́, nínú èyí tí ẹ ti sọ pé ẹ̀yin lẹ bí ọmọ yìí àti pé ẹ ń bọ̀ wá mú un. A fi sùúrù kà á. Ìyá ọmọ náà ti kọ́kọ́ wá kìlọ̀ fún wa pé irú rẹ̀ lè dé, torí ẹ̀yin ò bímọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń dà yín lọ́kàn rú láti ọjọ́ pípẹ́. A bá yín kẹ́dùn.

Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ wa, ìwé ìbí wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀rí tó sì fìdí múlẹ̀ jù nínú fáìlì wa ni lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ lóṣù kẹrin, tí ẹ tẹ̀ka sí, tí ẹ sọ pé orí yín pé. Ìkọ̀wé méjèèjì bára mu. A ò mọ èyí tó yẹ ká gbà gbọ́ bí kì í bá ṣe àkọ́kọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rìnrìn àjò wá. Ìyá ọmọ náà ti mú àwòrán yín wá fún wa, a sì ti gbé e fún ẹ̀ṣọ́ géètì. Owó ilé ìwé tí ẹ ń san kò ní ìdíwọ́ kankan, ẹ lè máa bá a lọ.

Ọ̀gá Àgbà


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ káàsán, mà. Mo kí yín láti ilé ìwé wa. Olùkọ́ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kọ lẹ́tà sí ẹbí rẹ̀ kan tó wà níbi tó jìnnà, kí a fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, kí a sì kọ ọ́ dáadáa, torí wọ́n á kà á kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Ara mi le. Màámi àti bàbá mi wá wò mí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ ṣeun fún owó ilé ìwé mi. Mo gba ẹ̀bùn lóṣù yìí nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n fún mi ní ìwé funfun kan tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Mi ò kì í béèrè ìbéèrè nínú kíláàsì mọ́. Bí ìbéèrè bá wá sí mi lórí, mo máa ń kà á, màá sì tọ́jú ẹ̀. Wọ́n ti di ogóje ó lé mẹ́rin.

Àwòrán yín wà nínú yàrá ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì. Òun ló wà lókè ẹ̀rọ ìránṣọ nílé wa nígbà kan. Bí wọ́n bá ń kó wa lọ sí pápá, mo máa ń rí i. Ẹ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo máa ń kí i nínú mi.

Ẹ má bínú pé òkè ìwé yìí dọ̀tí. Nǹkan mìíràn ni mo kọ́kọ́ kọ síbi tí mo kọ Àǹtí sí. Olùkọ́ ní àṣìṣe ni, kí n pa á rẹ́. Mo pa á rẹ́ títí, kò tán.

Èmi ni,
Ọmọ àbúrò yín